Búútà Tí Bàbá Ìpakodò Fi Fàdákà Bò

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú gègé, nítorí ìyàwó mi, tó ń bá mi gbé inú ilé kan náà, tó sì fi ojú ara rẹ̀ rí búútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò gbà mí gbọ́ títí di òní. Bàbá àgbà mi, ẹni tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ sọ ohun dúdú di ohun tó ń dán, iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn ni pé ó mú ohun kan tó ń dán, ó sì fi òmíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ó wá kọrí sí ọ̀run, ó fi èmi sílẹ̀ láàárín. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán, tí ẹ sì mọ ohun tí bàbá náà ní lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mi wá sí Ìkòròdú kí ẹ wá là mí lọ́yẹ. N óò se ìrẹsì.

Bàbá Ìpakodò ni gbogbo ẹbí ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ìpakodò ló kọ́lé sí, níbi tí ẹ ti lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹ máa gbọ́ bí àwọn awakọ̀ ojú omi ṣe ń pariwo pe èrò. Òun ló bí ìyá mi. Ìyá mi ti ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí náà èmi ni mo máa ń yọjú sí i bí mo bá ti jáde níbi iṣẹ́. Mùfútáù ni orúkọ mi, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, bàbá yìí kò sì fi ìgbà kan pe orúkọ tí wọ́n sọ mí. "Tísà" ló ń pè mí, á sì rẹ́rìn-ín sí i, bí ẹni pé iṣẹ́ mi jẹ́ àwàdà kan tí òun nìkan mọ bó ṣe máa parí.

Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyí. Àwọn ènìyàn máa ń kó ohun èlò ilé tí wọ́n fi fàdákà bò lára wá fún un: ṣíbí, tíréè, abọ́ ṣúgà, kẹ́tù tíì, ife tí ẹnìkan gbà níbi ìdíje bọ́ọ̀lù nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì dára. Ẹ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe fàdákà délẹ̀délẹ̀. Irin mìíràn ló wà nínú, idẹ ló sì sábà máa ń jẹ́. Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Bó bá pẹ́ nílé, á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá á tẹ́ fóìlì sí ìsàlẹ̀ bàsíà, á da omi gbígbóná sí i, á bu iyọ̀ àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i, á wá rọra tẹ́ ṣíbí náà lé orí fóìlì. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Àwọn tó ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi á fi ọwọ́ di imú, wọ́n á máa wo ara wọn bí ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ara wọn. Bàbá ò ní wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá yọ ṣíbí náà, dúdú rẹ̀ ti lọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ló máa fi nù ún, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì máa ń nù ún sí, kì í lọ kì í bọ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣe sítúwọ́ọ̀dù nílé òyìnbó kan ní Ìkòyí, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Bí mo bá bi í pé irú èèyàn wo ni òyìnbó náà, ìdáhùn kan ló ní: "Ó ní ṣíbí púpọ̀, kò ní ọ̀rẹ́."

Ohun tó kọ́kọ́ ń ya ìyàwó mi lẹ́nu ni pé kò sí fàdákà kan nínú ilé rẹ̀. Kọ́ọ̀pù páànù tí etí rẹ̀ ti ya ló fi ń mu tíì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Bíọ́lá ìyàwó mi, kì í sì í lè gbé ọ̀rọ̀ mì. Lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí bàbá tán, ó ní, "Bàbá, gbogbo fàdákà tó ń gba ọwọ́ yín kọjá yìí, ẹ ò tiẹ̀ ní ṣíbí kan?"

Bàbá gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé dókítà máa ń gbé aláìsàn lọ sílé lọ fi ṣe ara ẹbí ni?"

Ó ní ìjà kan tó bá gbogbo obìnrin tó wà láàárín Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ jà. Kò borí, kò sì jáwọ́. Ìjà náà dá lórí eérú. Ẹ lọ sí ilé èyíkéyìí ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀, ẹ óò rí ìkòkò tí wọ́n fi eérú àti kànìnkànìn onírin ha títí tí ẹ fi lè fi ṣe dígí. Wọ́n á tò ó sí ojúde kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ohun ìyangàn ni. Obìnrin tí ìdí ìkòkò rẹ̀ bá dúdú kò lè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ga. Ibi tí wàhálà wà ni pé bí wọ́n bá ti ń ha ìkòkò ni wọ́n ń ha tíréè fàdákà, nígbà tó sì jẹ́ pé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lára ìyẹn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá kan gbé tíréè wá tí ìdajì rẹ̀ ti pọ́n yòò. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Bàbá, mo ti bá yín fọ̀ ọ́ díẹ̀ kí n tó gbé e wá, kí iṣẹ́ yín lè fúyẹ́."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó ní, "Ẹ bọ́ ọ sí ìhòòhò, ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹ wẹ̀ ẹ́."

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tó bá sọ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ o. Bàbá yìí máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú, bóyá ó mọ̀ ọ́n, bóyá kò mọ̀ ọ́n, èmi ò sì fi ìgbà kan rí ìyàtọ̀. Omidan kan wà, ará Ìkìrun, tó rẹ́ǹtì yàrá nítòsí wa. Ó ra ṣíbí kan láàárín àwọn ọjà òkìrìkà, ó gbé e wá kí bàbá bá a mú un dán. Bàbá yí ṣíbí náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó na ẹnu ṣíbí náà tó ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan sí omidan náà.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni ọkọ yín."

"Bàbá, mi ò tíì lọ́kọ."

Ojú kò tì í rárá. Ó ní, "Ó dáa. Bó bá dé, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ òjò wá, òjò lọ, omidan yìí padà wá, ọkùnrin kan ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ní àwọn fẹ́ kí bàbá súre fún àwọn. Bàbá ní kí n fún ọkùnrin náà ní tíì. Mo gbé e fún un, mo na ṣíbí sí i, ọwọ́ òsì ló yára jáde! Ó rántí pé iwájú àgbà lòun wà, ó yára fi ọ̀tún pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i, omidan náà ti rí i, gbogbo wa kọjú sí bàbá. Ó ń po tíì tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi, báwo ló ṣe mọ̀? Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni, ó wá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Irú ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ máa rántí bí a ṣe ń lọ nìyẹn. Nítorí ọ̀rọ̀ búútà ló kàn báyìí.

Ẹ mọ búútà, kẹ́tù tí a fi ń ṣe àlùwàlá kí a tó kírun. Ike ni tiyín, ike ni tèmi náà. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí Bàbá Ìpakodò ní ọ̀kan tí wọ́n fi fàdákà bò, tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ikùn rẹ̀ yọ roboto. Àwọn kan nínú ẹbí ní Mẹ́kà ló ti gbé e bọ̀. Àwọn kan ní irọ́ ni, ọjà Èjìnrìn ló ti rà á, ó kàn gbé e lọ sí Mẹ́kà, ó tún gbé e bọ̀ ni. Ibi yòówù kó ti wá, ó gbé e sínú aṣọ funfun, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tó kú, búútà náà wà nílé ẹbí ní Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ àwọn àbúrò Bàbá Ìpakodò tí wọ́n ṣì kù: Ìyá Sìdí, tó tẹ̀ lé e, àti Bàbá Ganí, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn; orúkọ ara wọn ni Sìdí àti Ganí. Arúgbó ni àwọn méjèèjì báyìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà, ẹ óò rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọn lẹ́nu ọmú ni.

Iléyá kan kù dẹ̀dẹ̀, Ìyá Sìdí ń ha ìkòkò, ó bá ní kí òun kúkú fi eérú kan búútà bàbá àwọn náà. Ó ha ikùn rẹ̀. Fàdákà ṣí kúrò, ohun pupa yòò kan yọjú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ọwọ́ lókè: "Tísà, ó wò mí! Mo ní, háà, wúrà! Bàbá wa fi wúrà sábẹ́ fàdákà kí olè má bàa mọ̀!"

Ó pariwo jù. Bàbá Ganí gbọ́ ọ nínú yàrá tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti dàrú. Ìyá Sìdí ní òun lòun rí i. Bàbá Ganí ní kì í ṣe ẹni tó ha nǹkan ló ni ín, ọkùnrin lòun, ọwọ́ òun ló yẹ kí ohun ìní bàbá wà. Wọ́n ṣíwọ́ jíjẹun pọ̀. Ìkíni wọn dópin. Bàbá Ganí wá pe bíríkìlà, ó ní kó bá òun gbé ògiri sí àárín ojúde, kí òun má bàa máa rí ojú obìnrin yìí láràárọ̀. Bíríkìlà mọ ọ́n dé àyà, ó lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, kò padà wá mọ́. Ògiri náà kò dí ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó kàn ṣe ni pé Ìyá Sìdí ní láti jáde sí títì kó tó lè dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, kò sì jáde. Nígbà tí Bàbá Ìpakodò lọ síbẹ̀, tó rí ògiri yìí, mo rò pé ó máa bínú. Ó dúró tì í, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e bí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ẹ tiẹ̀ kọ́ ọ sí ibi tí mo lè fara tì."

Wọ́n gbé búútà náà fún un pé òun ni àgbà, kó wò ó. Kò wọ awò ojú. Ó kàn gbé e wò lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ (bẹ́ẹ̀ ni, imú ló fi ń wo irin), ó ní, "Idẹ ni."

Ìyá Sìdí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà fẹ́ jẹ níbẹ̀ ni?"

Bàbá Ganí náà ní, "Bùọ̀dá, ta ló ń di idẹ sínú aṣọ funfun?"

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ògiri náà nìyẹn: pé ẹ̀gbọ́n àwọn ń parọ́. Bàbá gbé búútà sábẹ́ abíyá, ó gbé e bọ̀ ní Ìpakodò.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kì í ṣe búútà. Ó ti darúgbó, ó mọ̀. Bí a bá jókòó, á kàn sọ ọ́ lójijì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í: "Bí mo bá kú, ògiri yẹn ni wọ́n máa jogún." Ó fẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà kí òun tó lọ. Ohun tó ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí mo bá a tó gbé bátìrì ọ̀kadà kan kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti da omi kan sínú ike, kò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn. Búútà náà wà nínú omi, wáyà so ó mọ́ bátìrì. Wáyà kejì so òrùka kan mọ́ bátìrì náà, òrùka náà sì fì sínú omi láìkan búútà. Mo mọ òrùka yẹn. Fàdákà gidi ni, ìyá àgbà mi ló fún un nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kò sì bọ́ ọ rí lójú mi.

"Bàbá, òrùka yín!"

"Mo rí i."

Mo jókòó. Iná bátìrì ń kó fàdákà kúrò lára òrùka lọ sára búútà: òrùka náà ń fẹ́lẹ́, ikùn búútà ń funfun. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìgbà tí ẹ ń wo ènìyàn tó ń sùn lọ. Nígbà tó fi máa yọ wọ́n, òrùka ti dà bí òwú, ó dá sí i lọ́wọ́. Búútà ti funfun kárí. Ibi tí Ìyá Sìdí ti rí wúrà, tàbí idẹ, kò sí mọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, èmi nìkan ló wà níbí. Kí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an? Wúrà ni àbí idẹ?"

Ó ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó ní, "Tísà, fàdákà lò ń wò yìí."

Ó wá ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Ìyá Sìdí rí búútà náà ní funfun báláú, ó kígbe, "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ gbé wúrà wa wọ̀?"

"Ó wà níbi tí bàbá wa fi í sí," ni bàbá wí. "Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá tún fi eérú kàn án, kò ní ìpín nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ dì í sínú aṣọ. Ẹ máa fi ṣe àlùwàlá, ẹ̀yin méjèèjì. Ọwọ́ yín fúnra rẹ̀ ni kó jẹ fàdákà náà kúrò. Nígbà tí ohun tó wà nísàlẹ̀ bá fi máa yọjú, ẹ̀yin méjèèjì ò ní sí láyé láti jà lé e."

Bàbá Ganí ní, "Bùọ̀dá, ṣé ẹ ń ṣépè fún wa ni?"

Bàbá ní, "Ẹ̀mí gígùn ni mo tọrọ fún yín yẹn. Ẹ ṣe àmín."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó gbé búútà lọ. Ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà ni wọ́n tún wọ̀ padà.

Èmi ò jẹ́ kó sinmi. Ẹ mọ bí olùkọ́ ṣe ń rí, a kì í lè fi ìbéèrè sílẹ̀ láìní ìdáhùn. Mo bi í nígbà tó ń jẹun, mo bi í nígbà tó ń mu oògùn. Nígbà tí àìsàn ti gbé e dé orí ibùsùn, mo tún bi í. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wúrà ni. Ṣé inú rẹ ti dùn báyìí? Gbé tíì mi wá."

Mo gbé tíì wá. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá òtítọ́ ló sọ fún mi, àbí ó kàn ń wá ẹni tó máa gbé tíì wá fún un ni.

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mo wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Àmì òrùka náà ṣì wà ní ìka rẹ̀, ó funfun ju ìyókù ọwọ́ rẹ̀ lọ. Mo di ìka náà mú pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá Sìdí àti Bàbá Ganí wá. Wọ́n sunkún ní igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ilé ẹbí ní Ẹ̀pẹ́ ni a ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Èmi ni mo gbé búútà lọ. Mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀, Bíọ́lá jókòó tì mí, ó ní, "Mùfú, fi èékánná ha ibì kan. Ibi kékeré. Ta ló máa mọ̀?" Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n mo wo èékánná mi.

Wọ́n jẹun, wọ́n ṣàdúrà, àwọn àlejò ń lọ. Bàbá Ganí wá fi orí pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

"Tísà, búútà yẹn, gbé e fún Sìsí Sìdí. Jẹ́ kó máa mú un lọ."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. "Bàbá, wúrà yín ńkọ́?"

Ó sún mọ́ mi. "Wúrà wo? Idẹ ni. Nígbà tí mo lọ wo Bùọ̀dá lórí àìsàn, ó sọ fún mi ní etí. Ó ní èmi nìkan lòun lè sọ fún, pé Sìdí ò ní lè gbé e, ojú á tì í pa, lẹ́yìn gbogbo ariwo tó ti pa. Ó ní kí n jẹ́ kó máa rò pé wúrà ni. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, Tísà. Má sọ fún un o."

Mo ṣèlérí. Mo kúrò níbẹ̀, mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ kan fà mí ní agbádá. Ìyá Sìdí ni.

"Mùfú ọkọ mi, gbé nǹkan yẹn fún Ganí."

"Ìyá, kí ló dé?"

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́! Idẹ ni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi kó tó lọ, èmi nìkan ló sọ fún. Ó ní Ganí ti mọ ògiri nítorí rẹ̀, bó bá gbọ́ pé idẹ ni, ó lè di àìsàn sí i lára. Ẹ wo bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe kọ́ ògiri nítorí idẹ! Jẹ́ kó mú un lọ, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. O ò gbọ́dọ̀ sọ fún un."

Mo dúró sáàárín ilé ìdáná àti ojúde. Ohun tó sọ ní gbangba tí wọn kò gbà, ó sọ ọ́ fún wọn ní etí, wọ́n gbà á kíákíá. Kí lèmi wá máa fi èyí tó sọ ní etí tèmi ṣe? Bó bá jẹ́ idẹ ni, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ibùsùn ikú. Bó bá jẹ́ wúrà ni, ó tan àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì jẹ kí ó lè rí ohun tó ń wá. Bó bá sì jẹ́ pé òun náà kò mọ̀ ọ́n, bíi ti ọlọ́wọ́ òsì ọjọ́sí ńkọ́?

Wọ́n kó gbogbo ẹbí jọ sí ojúde, wọ́n ní kí n sọ ẹni tó máa mú búútà. Kí n tó la ẹnu, Bàbá Ganí ti ní, "Sìsí ni kó mú un."

Ìyá Sìdí ní, "Rárá o, Ganí ni kó mú un."

"Mo ní kí ẹ mú un!"

"Ìwọ ni mo ní kí o mú un! Ṣé o ò gbọ́ mi ni?"

"Kí ló dé tí ẹ ò lè gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn?"

Ìjà tún bẹ́, ohùn tí wọ́n fi ń jà á gbà náà ni wọ́n fi ń jà á fún ara wọn. Ìyá Sìdí ti kọjá sí ojúlówó èdè Ẹ̀pẹ́, èyí tí Bíọ́lá kò gbọ́. Bíọ́lá ń gún mi ní ìgbọ̀nwọ́, ó ń bi mí pé ta ni wọ́n ń bú. Mo dìde. Eérú wà nílẹ̀ ní ìdí àdògán níbẹ̀, gbígbóná rẹ̀ ti lọ, ó kàn ń dúró dè mí. Mo wò ó. Mo wo búútà. Ẹ̀mí mi fẹ́ kí n ha á níwájú gbogbo wọn kí a lè mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n òrùka ìyá àgbà mi ló wà lára rẹ̀. Mo lọ gbé e ka orí ògiri, ní àárín gangan, kò sí níhìn-ín, kò sí lọ́hùn-ún. Mo ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kírun, búútà rèé." Mo wọlé lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró omi ló jí mi. Mo jáde sí ojúde. Kò sí nǹkan lórí ògiri. Bàbá Ganí jókòó sórí àpótí níwájú ilé tirẹ̀, orúnkún kò jẹ́ kó lè tẹ̀ mọ́, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Ìyá Sìdí, tó ti jáde sí títì tó sì yí wọlé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ń da omi sí i lẹ́sẹ̀ láti inú búútà.

"Ẹ rọra dà á, Sìsí, omi ń tán."

"Ẹsẹ̀ rẹ ló tóbi. Yí i sí ibí."

Bàbá Ganí rí mi. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tó ń sọ pé, ṣé o rí i bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn, kò mọ̀. Ó tẹ orí ba láti fọ ìka ẹsẹ̀. Bó ti tẹ orí ba, Ìyá Sìdí náà gbójú sókè, ó ṣẹ́jú sí mi lórí rẹ̀, irú kan náà.

Ó ní, "Tísà, kí lò ń dúró wò? Wá, na ọwọ́ rẹ."

Mo wá sí ọ̀dọ̀ wọn, mo na ọwọ́. Omi tutù. Mo tẹ̀ ba díẹ̀, mo ń wá ibi tí Ìyá Sìdí ti ha á ní ọjọ́sí, níbi ikùn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi gbé e ró níbẹ̀ gan-an.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀ díẹ̀."

"Ta ló pè ọ́ wá wo búútà?" ni Ìyá Sìdí wí. "Fọ ẹsẹ̀ rẹ."

Mo fọ ẹsẹ̀ mi.